Ojú Lámilámi àti Kámẹ́rà Bàbá Mi

Nígbà tí lámilámi náà fò lọ nígbà kẹrìndínlógún, mo jókòó sínú eruku, mo sì sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé. Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi, tó fi agboòrùn bo ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi kòkòrò sílẹ̀, kí n lọ ya ewúrẹ́, pé ewúrẹ́ kì í fò. Mi ò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn la ti wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbà, níbi tí omi gọ́tà ti dá rọ̀gún sí ìdí koríko. Oòrùn ń pa wá, ọyẹ́ ń bu eruku sí wa lójú, kòkòrò tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ló tiẹ̀ rán mi níṣẹ́? Antí Jùmọ̀kẹ́ ni, tíṣà tó ń kọ́ wa ní bàólọ́jì. Wọ́n wọ kíláàsì wa, SS2, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan ń wá fọ́tò ohun abẹ̀mí kékeré láti ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ọmọ márùn-ún tí wọ́n bá mú yóò kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi, wọn yóò sì fún kálukú ní kámẹ́rà tirẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé kámẹ́rà tirẹ̀, etí mi kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ọmọ ayàwòrán ni mí, mi ò sì ní kámẹ́rà. Ẹ sọ fún mi bóyá ìyẹn dáa.

Bàbá mi, Ìdírísù, tí gbogbo Òkòkómáíkò mọ̀ sí Bàbá Fọ́tò, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì, kò jìnnà sí ilé ìwé wa. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń yà jù. Wọ́n ní kámẹ́rà kan ṣoṣo, kámẹ́rà náà ní lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, òfin kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ lẹ́ǹsì yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹnu kámẹ́rà bá ṣí nínú eruku Èkó yìí, ọjọ́ náà ni wàhálà yóò wọlé. Nítorí náà, wọ́n fi téèpù dúdú wé ibi tí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ti pàdé. Ọdún mẹ́fà ni téèpù náà ti wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn kò sì já a rí.

Èmi já a. Fídíò kan tí Bùkọ́lá rí lórí fóònù rẹ̀ ló kó sí mi lórí. Ọkùnrin inú fídíò náà ní ẹni tí kò bá lágbára láti ra lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ya kòkòrò lè lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó yọ ọ́, kó yí i padà, kí iwájú lẹ́ǹsì kọjú sí kámẹ́rà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí kòkòrò, ohun tó kéré yóò sì di ńlá. Ó ní òrùka irin kan wà tí wọ́n fi ń dè é mọ́ra. Àwa ò ní òrùka irin. Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ lẹ́ǹsì mọ́ ẹnu kámẹ́rà, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín ìka mi kọjá.

Bàbá mi àti màmá mi ti lọ sí àsàlátù, wọn kì í sì í dé kí aago méjì tó lù. Kí n tó já téèpù náà, mo bi Bùkọ́lá bóyá kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní, "Wákàtí kan péré ni, Fáò. Ta ló máa mọ̀?" Ká má parọ́, mo ti ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ náà rọrùn, kó wá gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí lẹ́ǹsì bá ti kẹ̀yìn síta báyẹn, kò sí ohun tí èèyàn lè yí tí àwòrán á fi mọ́. Orí èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa sún síwájú, sún sẹ́yìn, díẹ̀ díẹ̀, títí kòkòrò yóò fi hàn. Bí o bá mí, ó ti bàjẹ́. Bí atẹ́gùn bá mi koríko, ó ti bàjẹ́. Bí ìyẹ́ bá mọ́, ojú á ṣú, bí ojú bá sì fẹ́ mọ́, ẹni ẹlẹ́ni ti fò lọ. Tanpẹ́pẹ́ ń jẹ mí ní orúnkún, mi ò sì lè họ ọ́, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló há. Gbogbo rẹ̀ sú mi. Bí kì í bá ṣe kámẹ́rà tí mo fẹ́ gbà yẹn ni, mi ò bá ti wọlé lọ sùn.

Ìgbà tó di ogún ni lámilámi náà tó bà sórí koríko gbígbẹ kan, tí kò sì mira. Mo sún mọ́ ọn. Mo di èémí mi mú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó fò. Nígbà tí a wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, Bùkọ́lá pa agboòrùn rẹ̀ dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú lámilámi náà gba gbogbo àwòrán tán. Ó kún fún ojúlé kéékèèké, wọ́n tò ti ara wọn bí afárá oyin, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ń dán lára wọn. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Èmi Fáòsíátù ni mo ya nǹkan yìí, lẹ́yìn gọ́tà ilé wa.

A da fọ́tò náà sórí fóònù Bùkọ́lá, a sì pa á rẹ́ kúrò nínú kámẹ́rà. Mo dá lẹ́ǹsì padà, mo mú téèpù dúdú nínú dúrọ́ọ̀ bàbá mi, mo wé e bí wọ́n ṣe wé e. Mo tiẹ̀ fi eruku díẹ̀ ra téèpù tuntun náà lára kó lè jọ ti àtijọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn SS3 ilé ìwé wa lọ ya fọ́tò ìdánwò àṣejáde wọn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Bàbá mi kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ẹsẹ̀ àga yóò wà àti ibi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà yóò wà. Àga kì í kúrò lójú àmì, kámẹ́rà kì í kúrò lójú àmì. Wọ́n ní bí gbogbo ojú bá wà níbì kan náà, ti ẹnì kan ò ní tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó mẹ́mórì kámẹ́rà lọ fún Alájì Àsánì.

Alájì Àsánì ló ni láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, ní òpópónà kejì sí ti bàbá mi. Ìsẹ́yìn ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Alájì ló ṣáájú níbẹ̀, nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo irun funfun tó wà lórí bàbá mi, "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pe Alájì Àsánì títí dòní. Alájì á da fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, á tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kó funfun, á tẹ̀ ẹ́, á sì nu mẹ́mórì náà mọ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kì í wo iṣẹ́ Alájì lẹ́ẹ̀mejì, Alájì náà kì í sì í wo ti bàbá mi.

Ní ọjọ́bọ̀, ariwo ta ní kíláàsì àwọn SS3. Fọ́tò wọn ti dé, àmì dúdú kan sì wà lábẹ́ ojú òsì gbogbo wọn. Ibì kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Toheeb tó jẹ́ olórí wọn ní òun ò lè gbé ojú bẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì. Ọmọbìnrin kan ń sunkún pé ìyá òun máa rò pé òun lọ kọlà ojú. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kó gbogbo fọ́tò náà jọ, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí bàbá mi pé bí òmíràn kò bá dé nígbà tó bá fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Toheeb ti fi ọ̀kan pamọ́ nínú tirẹ̀; mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Àmì náà rí roboto, ó sì ní ìrù tín-ín-rín kan tó ká sí apá ọ̀tún. Mo ti rí irú rẹ̀ níbì kan rí. Mo wá Bùkọ́lá lọ sẹ́yìn ilé ìwé, mo ní kó ṣí fọ́tò lámilámi. Ní apá ọ̀tún díẹ̀ sí àárín, létí ojú kòkòrò náà, àmì roboto kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrù tín-ín-rín tó ká sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń rò pé ara lámilámi ni.

Eruku ti wọ kámẹ́rà bàbá mi, ó sì ti bà lé gíláàsì inú lọ́hùn-ún tí àwòrán máa ń jókòó sí. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Mo ní mo máa sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bùkọ́lá di ọwọ́ mi mú. Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù ìdíje náà, òbí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda kámẹ́rà tí ọmọ òun lò. "Gba sáìnì wọn ná, Fáò," ló wí. "Tó bá di Túsìdeè, sọ gbogbo ohun tó bá wù ẹ́ fún wọn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí bí ọ̀rọ̀ gidi. Ọjọ́ márùn-ún péré. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún?

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì, wọ́n ń fi ìka yẹ téèpù ara kámẹ́rà wọn wò yíká. Wọ́n sọ fún màmá mi pé téèpù náà wà bó ṣe wà, nítorí náà kò lè jẹ́ kámẹ́rà, ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n Àsánì ló ń kán íǹkì sí i. Màmá mi ní ṣé ó dá wọn lójú. Wọ́n ní ó dá àwọn lójú bí ọ̀sán. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, bàbá mi gba láàbù lọ. Ilé ìwé ti jáde, mo sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú báàgì mi lẹ́yìn. Alájì Àsánì fi fọ́tò náà hàn wá lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kì í ṣe íǹkì, inú àwòrán gan-an ni àmì náà wà. Bàbá mi bi wọ́n pé ta ló da àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, ta ló ń fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Bàbá mi ní ó mọ́ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ àwọn.

"Ìdírísù," ni Alájì wí, ohùn wọn kò sì lọ sókè, "eruku ti wọ inú kámẹ́rà rẹ. Ya ògiri funfun kan wò níbí yìí, kí gbogbo wa rí i."

Bàbá mi yọ kámẹ́rà nínú báàgì, wọ́n gbé e sókè fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí. "Ṣé ẹ rí téèpù yìí? Ọdún mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí. Mi ò ní máa yẹ kámẹ́rà mi wò nítorí ẹni tó ba iṣẹ́ mi jẹ́." Wọ́n wá na ìka sí Alájì. "Ìwọ, Àsánì, irọ́ lò ń pa."

Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta ṣájà fóònù gbé ọwọ́ lé àyà. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi pe Alájì ní "ìwọ" rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Alájì Àsánì ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n mú mẹ́mórì bàbá mi tí wọ́n ti nù mọ́, wọ́n nà án sí bàbá mi, wọ́n ní, "Gba nǹkan rẹ." Kí wọ́n tó kọjú padà, wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti wọn. Mi ò gbé ọ̀kan níbẹ̀. Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni pé bàbá mi ni inú ń bí mi sí. Kí ló dé tí wọn ò kàn ya ògiri funfun? Kí ló dé tí àgbàlagbà kan ń ṣe agídí lórí ohun tí ìṣẹ́jú kan yóò yanjú? Bí mo ṣe ń kùn nìyẹn títí a fi délé. Ẹ wo bí orí mi ṣe dàrú tó: wọ́n gba téèpù gbọ́ torí pé èmi ni mo wé e, èmi yìí náà ni mo sì ń bínú pé wọ́n gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Lọ́sàn-án, mo mú fọ́ọ̀mù lọ bá wọn, mo sì fi fọ́tò lámilámi hàn wọ́n lórí fóònù màmá mi, níbi tí Bùkọ́lá fi í ránṣẹ́ sí. Wọn ò wọ gíláàsì ojú wọn, mo sì dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé wọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n bi mí pé kámẹ́rà wo ni mo lò. Mo ní fóònù ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá ni, pé lẹ́ǹsì kan wà tó ń so mọ́ ọn. Irọ́ náà kò tiẹ̀ há mi lọ́fun.

Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́bọ̀ nìyẹn tí mo rí i tí ẹ̀rín yọ lójú wọn. "Ó kéré tán," ni wọ́n wí, "ẹnì kan ṣì wà nínú ilé yìí tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ́." Wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n sì ṣàdúrà sí i pé Ọlọ́run á gbé mi ga. Mo ṣe àmín. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí yàrá, ohun tí mo ń wá ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè wò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá mi tètè dé láti àsàlátù. Alájì Àsánì, tó máa ń ka ìwé níbẹ̀, kò wá. Bàbá mi ní àwọn gbọ́ pé ayàwòrán méjì ti kó iṣẹ́ wọn kúrò láàbù Alájì láti àná, nítorí ọ̀rọ̀ ti ká gbogbo Òkòkómáíkò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́, pé Bàbá Fọ́tò fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi sọ ọ́ bí ẹni pé ìdájọ́ òdodo ló dé. Àmọ́ nígbà tí màmá mi gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní ebi kò pa àwọn.

Ara mi kò gbà á mọ́. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa lójijì. Ó sú mi ni. Ó sú mi láti máa gbọ́ bí àgbàlagbà méjì tó kọ́ṣẹ́ pọ̀ ṣe ń ya ara wọn sọ́tọ̀, kí èmi sì jókòó ti ẹ̀rí tó lè parí rẹ̀, torí ìdíje kòkòrò. Mo mú fóònù màmá mi, mo mú fọ́tò Toheeb, mo sì mú gíláàsì ojú bàbá mi lórí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi gíláàsì yín wo méjèèjì," mo wí.

Wọ́n wo fọ́tò Toheeb. Wọ́n wo ojú lámilámi. Wọ́n tún padà sí ti Toheeb, wọ́n sì fi ìka tọ ìrù tín-ín-rín náà.

"Ìwọ lo já téèpù mi?"

"Èmi ni, sà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: àsàlátù, fídíò, lẹ́ǹsì tí mo yí padà, téèpù tí mo fi eruku ra, irọ́ fóònù ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbátí. Wọn ò nà mí. Wọ́n dìde, wọ́n wá fìlà wọn, wọ́n gbé kámẹ́rà, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìbà dé Òkòkómáíkò.

Ẹ̀yìn láàbù ni Alájì Àsánì ń gbé. Wọ́n jókòó sí fàráńdà pẹ̀lú ìyàwó wọn àti àlejò kan. Bàbá mi kò dúró kí wọ́n ní kí àwọn wọlé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú agbádá àsàlátù lọ́rùn wọn. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo jẹ̀bi," ni wọ́n wí. "Kámẹ́rà mi ni." Mi ò rí bàbá mi nílẹ̀ báyẹn rí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo ń sunkún, mo sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alájì Àsánì fọwọ́ gbé bàbá mi dìde, wọ́n ní ó ti tán. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Fáòsíátù, ìgbà wo lo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló ti wá?"

"Tọ́sìdeè, sà."

"Fúráìdeè la jà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O dúró níbẹ̀. Mo rí ọ."

Bàbá mi náà yíjú sí mi, mo sì rí i pé àsìkò yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Ìbínú tí wọn ò bá mi bí nílé wá hàn lójú wọn, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. Téèpù, wọ́n lè dárí ìyẹn jì mí. Pé mo wò wọ́n níran bí wọ́n ṣe ń bú ẹ̀gbọ́n wọn lójú ọjà, tí mo sì mọ òótọ́, ìyẹn ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Alájì fúnra wọn ló tú lẹ́ǹsì náà lórí tábìlì láàbù. Wọ́n mú rọ́bà kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ikùn kámẹ́rà, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ kan gbá gíláàsì inú rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi ya ògiri. Ògiri náà mọ́ tónítóní. Gbogbo iṣẹ́ náà kò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dá fọ́ọ̀mù padà fún Antí Jùmọ̀kẹ́, mo sì sọ fún wọn pé irọ́ ni mo fi gba ìfọwọ́sí tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ó dùn àwọn, torí àwọn ti rí fọ́tò náà lọ́wọ́ Bùkọ́lá. Ó dun èmi náà, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn ilé ìwé, mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo ń tún kọ́là ṣe fún àwọn SS3 bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣàlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé èmi ni mo fa àmì dúdú. Toheeb ní kí n tún un sọ sókè. Mo tún un sọ sókè. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, fọ́tò sì dé ilé ìwé kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì.

Bàbá mi tún lọ bá àwọn ayàwòrán méjèèjì tó kúrò láàbù, wọ́n ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀kan padà. Èkejì ní ẹni tí òun ti bá lọ kò ṣe òun níbi.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Alájì Àsánì ṣì ń tẹ fọ́tò fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá gbé mẹ́mórì dé, Alájì á fún wọn ní àga níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì máa ṣí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi gbọ́dọ̀ sọ pé ó mọ́, kí Alájì tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún fọ́tò, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni bàbá mi máa sọ ọ́. Ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi wo ọwọ́ ẹnì kejì ti parí, èmi ni mo sì parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, mi ò ní kí ẹ má gbìyànjú nǹkan tuntun. Ẹ tọrọ kámẹ́rà kí ẹ tó mú un, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì ló le jù: bí ẹ bá ti ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì jẹ́ pé nǹkan yẹn nìkan ló bàjẹ́. Eruku ni mo kó wọ kámẹ́rà lọ́jọ́ Àìkú, afẹ́fẹ́ inú rọ́bà sì gbé e jáde. Láti ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀, tí mo dákẹ́ tì í, kò sì sí rọ́bà tó lè fẹ́ ìyẹn kúrò.

Bàbá mi máa ń rán mi lọ gba fọ́tò láàbù. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí Alájì Àsánì dáadáa, wọ́n sì máa ń jẹ́ mi lóhùn. Wọn kì í bi mí mọ́ bí ilé ìwé ṣe ń lọ.